Àgùàlà ṣì ń ràn lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ kankan tó ń ṣọ́ ọ mọ́

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, JAXA, àjọ tó ń rí sí ìwádìí ojú ọ̀run ní ilẹ̀ Japan, kéde pé àwọn ti fòpin sí iṣẹ́ ọkọ̀ ìwádìí wọn tó ń jẹ́ Akatsuki. Láti ìparí oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ọkọ̀ náà kò ti dáhùn mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń pè é láti ilé ayé. Wọ́n pè é títí, kò jẹ́. Òun nìkan ló kù lẹ́nu iṣẹ́ nínú gbogbo ọkọ̀ tí ọmọ aráyé rán lọ máa yí Àgùàlà ká. Ní báyìí tó ti dákẹ́, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ mọ́. Àwọn ọkọ̀ tó ń lọ síbòmíràn nìkan ló máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Irú ìròyìn báyìí kì í pariwo ní agbègbè wa. Bí a bá dé ọjà Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́, iye owó àgbàdo, ọ̀nà àti ẹnubodè ni àwọn ènìyàn ń sọ, wọn kò sì jẹ̀bi. Síbẹ̀, nígbà tí a wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, a rí i pé ó kàn wá ju bí ó ṣe dà bí ẹni pé ó kàn wá lọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ tú u palẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí.

Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù

Gbogbo wa la mọ Àgùàlà. Òun ni ìràwọ̀ ńlá tó máa ń kọ́kọ́ yọ ní ìwọ̀ oòrùn nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí kì í sì ṣẹ́jú bíi ti àwọn yòókù. Bí ó bá ti ń yọ ní ìrọ̀lẹ́ fún oṣù bíi mẹ́jọ, yóò pòórá fún ìgbà díẹ̀, yóò sì tún yọ sí wa ní ìlà oòrùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Vénus ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é ní èdè Faransé. Nítorí pé ó máa ń wà nítòsí òṣùpá lójú wa, àwọn kan sọ ọ́ ní ajá oṣù. Àwọn àgbà ti dá wọn lóhùn: Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni, Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù.

Ìwádìí ti fi hàn pé òótọ́ ni àwọn àgbà sọ. Àgùàlà kì í tilẹ̀ í ṣe ìràwọ̀. Ayé kan ni, ayé tó jẹ́ òkúta bíi tiwa, tó ń yí oòrùn ká. Láti ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ dé ìkejì tó kìlómítà 12,100. Ilé ayé tiwa jẹ́ nǹkan bíi 12,700. Òṣùpá kò sì ju 3,470 lọ. Èyí ni pé ẹni tí wọ́n ń pè ní ajá yìí fẹ̀ ju ẹni tí wọ́n sọ pé ó ni ín lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀. Jíjìnnà tó jìnnà ló mú kó kéré lójú wa. Nígbà tó bá súnmọ́ wa jù, ó ṣì jìnnà tó nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ọ̀nà tó wà láàárín ilé ayé àti òṣùpá.

Bí a bá ń kà wọ́n láti ọ̀dọ̀ oòrùn, ayé kékeré kan tó ń jẹ́ Mercury ló ṣáájú, Àgùàlà ló ṣe ìkejì, tiwa ló ṣe ìkẹta. Àgùàlà jìnnà sí oòrùn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 108 kìlómítà, àwa sì jìnnà ní mílíọ̀nù 150. Kò sí ayé mìíràn tó súnmọ́ wa tó o, kò sì sí èyí tó fẹ̀ bíi tiwa tó o. Ìbéjì ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìbéjì kan wà níbẹ̀ tí ilé rẹ̀ ń jó.

Ìkòkò tí wọ́n dé lórí iná

Nígbà kan rí, àwọn ọ̀mọ̀wé kan rò pé igbó àti omi lè wà lábẹ́ ìkùukùu tó bo Àgùàlà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 1962, Mariner 2, ọkọ̀ ìwádìí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ yìí ni àkọ́kọ́ tó fi ìròyìn ránṣẹ́ láti ẹ̀bá ayé mìíràn. Ohun tó sọ ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná kọjá ibi tí ohun abẹ̀mí lè gbé.

A ti wá mọ iye rẹ̀ báyìí. Nǹkan bí 465 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni, lọ́sàn-án àti lóru. Omi wa ń hó ní 100. Òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n máa ń yọ́ ní 327. Ẹni tó bá ju òjé sórí ilẹ̀ Àgùàlà yóò rí i tó ń ṣàn bí epo pupa. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wúwo ju tiwa lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 90. Bí ìgbà tí ènìyàn bá wà ní 900 mítà nísàlẹ̀ òkun ni. Ìkùukùu tó bò ó kì í ṣe ti omi òjò. Ásíìdì ni, irú èyí tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì ọkọ̀.

Kí ló mú un gbóná tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá yára dáhùn yóò sọ pé nítorí ó súnmọ́ oòrùn ni. Ṣùgbọ́n Mercury súnmọ́ oòrùn jù ú lọ. Ọ̀sán ibẹ̀ ń dé 430, òru ibẹ̀ sì ń tutù ju yìnyín lọ, ó ń lọ sí 180 nísàlẹ̀ òdo. Àgùàlà tó jìnnà ló gbóná jù. Kódà, ìkùukùu funfun tó bò ó ń dá nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sẹ́yìn. Ìyẹn ló fi ń ràn tó bẹ́ẹ̀ lójú wa. Agbára oòrùn tó wọ inú rẹ̀ kéré sí èyí tó ń wọ inú ayé tiwa.

Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ Àgùàlà, ó ju ìdá 96 lọ tó jẹ́ kábọ̀n dáyọ́ksáìdì, èyíinì ni afẹ́fẹ́ tí a máa ń mí síta, tí igi ìdáná, èédú, epo mọ́tò àti ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ sì ń tú jáde. Afẹ́fẹ́ yìí ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ooru ilẹ̀ ráyè jáde. Ìyá tó ń se ẹ̀wà mọ èyí dáadáa. Bí ó bá dé ìkòkò, kò fi igi kún iná, síbẹ̀ inú ìkòkò gbóná sí i, torí pé ooru kò rí ọ̀nà lọ. Àgùàlà ni ìkòkò tí wọ́n dé, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti àìmọye ọdún.

Owó àti sùúrù ni wọ́n fi ra ìmọ̀ yìí

Ohun tí a kọ sókè yìí kò rọrùn láti mọ̀. Ìjọba Soviet, tí Rọ́ṣíà jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà, pàdánù ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kí ọ̀kan tó gúnlẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1970, Venera 7 balẹ̀, ó sì fi ohùn tí kò lágbára ránṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 23 kó tó kú. Ní ọdún 1975, Venera 9 fi àwòrán àkọ́kọ́ ránṣẹ́ láti orí ilẹ̀ ayé mìíràn. Ní ọdún 1982, Venera 13, tí wọ́n ṣe kó lè lo ìṣẹ́jú 32 péré, lo ìṣẹ́jú 127 nínú iná náà, ó sì fi àwòrán aláwọ̀ ránṣẹ́. Ọdún 1985 ni wọ́n gúnlẹ̀ síbẹ̀ kẹ́yìn. Láti ìgbà náà, ó ti lé ní ogójì ọdún, kò tún sí ọkọ̀ tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Àgùàlà.

Lẹ́yìn wọn ni Amẹ́ríkà rán Magellan, tó débẹ̀ ní ọdún 1990. Ìkùukùu kò jẹ́ kí kámẹ́rà rí ilẹ̀, nítorí náà rédà ni ọkọ̀ yìí lò láti ya ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ibẹ̀ kó tó parí iṣẹ́ ní ọdún 1994.

Akatsuki tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní ìtàn tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí àfẹ̀mọ́júmọ́ ní èdè Japan. Ní ọdún 2010 ni wọ́n ta á sókè. Nígbà tó dé ẹ̀bá Àgùàlà ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún náà, ẹ́ńjìnnì ńlá rẹ̀ bàjẹ́ níbi tó ti yẹ kó dín eré kù, ọkọ̀ náà sì ré kọjá. Ọdún márùn-ún ló fi ń yí oòrùn ká. Àwọn tó ń darí rẹ̀ kò jáwọ́. Wọ́n ṣe ìṣirò ọ̀nà tuntun, wọ́n sì lo àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí wọ́n ṣe fún títọ́ ọkọ̀ sọ́nà lásán. Nígbà tó di ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2015, ọkọ̀ náà wọ ipò rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ó lo ju ọdún mẹ́jọ lọ lẹ́nu iṣẹ́. Àgùàlà fúnra rẹ̀ ń fi ọjọ́ 243 wa yí ara rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ìjì òkè rẹ̀ ń yí i ká ní ọjọ́ mẹ́rin péré. Akatsuki ló ran àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ láti mọ̀ pé ooru oòrùn wà lára ohun tó ń lé ìjì náà.

Àwòrán tó sùn fún ọgbọ̀n ọdún

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tó fi hàn pé ṣíṣọ́ nǹkan ní èrè. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Robert Herrick ti yunifásítì Alaska àti Scott Hensley ti NASA, àjọ ojú ọ̀run Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde. Àwòrán tí Magellan yà ní ọdún 1991 ni wọ́n tún ṣí wò. Wọ́n rí ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè ńlá tó ń jẹ́ Maat Mons. Ní oṣù kejì ọdún náà, ihò ọ̀hún fẹ̀ tó kìlómítà méjì ó lé díẹ̀ níbùú lóròó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, ó sì ti yí padà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òkè oníná ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ayé náà kò tíì kú nínú.

Kò sí ẹni tí ì bá mọ èyí bí Magellan bá ya ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Nítorí pé ó padà dé ibi kan náà lẹ́ẹ̀kejì ni, àti nítorí pé wọ́n tọ́jú àwòrán náà. Ọlọ́jà tó ń kọ ọjà tó tà sínú ìwé lójoojúmọ́ mọ oṣù tí owó ń wọlé. Ẹni tó kọ ọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo kò mọ nǹkan kan. Àdánù tó wà nínú ikú Akatsuki nìyí: ìwé náà ti dá dúró.

Ta ló fẹ́ lọ, ta ló ń fa ọwọ́ sẹ́yìn?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ó dà bí ẹni pé àsìkò Àgùàlà ti dé. NASA yan iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì sọ pé òun yóò ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 500 dọ́là lórí ṣíṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń jẹ́ DAVINCI yóò ju ẹ̀rọ kan sínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, tí yóò máa wọn ohun tó wà nínú rẹ̀ títí yóò fi balẹ̀. VERITAS yóò fi rédà tuntun ya ilẹ̀ náà. Ní oṣù yẹn kan náà, àjọ ilẹ̀ Yúróòpù, ESA, yan EnVision, tí wọ́n fẹ́ ta sókè ní ọdún 2031.

Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ Amẹ́ríkà kò dúró ṣinṣin. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, NASA sún VERITAS síwájú fún ó kéré tán ọdún mẹ́ta. Àbùkù kankan kò sí lára ọkọ̀ náà. Iṣẹ́ mìíràn ló pẹ́, tó sì fi hàn pé òṣìṣẹ́ kò tó ní ibùdó tí wọ́n ti ń ṣe é. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ètò ìnáwó tí ìjọba Ààrẹ Donald Trump gbé síwájú dábàá pé kí wọ́n gé owó ìwádìí sáyẹ́ǹsì NASA láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 7.3 dọ́là sí 3.9, kí wọ́n sì pa DAVINCI àti VERITAS rẹ́ pátápátá.

Àwọn tó dá ètò náà ní ìdí tiwọn. Wọ́n ní gbèsè orílẹ̀-èdè pọ̀, àti pé rírán ènìyàn lọ sí òṣùpá àti sí Mars ló yẹ kó ṣáájú. Àbá ààrẹ kì í ṣe òfin ní Amẹ́ríkà. Ilé aṣòfin ló ni àṣẹ lórí owó, àwọn aṣòfin láti ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì sì ti fi hàn pé àwọn kò fara mọ́ irú gígé bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àbá lásán ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ọ̀dọ́ onímọ̀ tí kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ òun yóò wà lọ́dún tó ń bọ̀ yóò wá ibòmíràn lọ. Ààyè tó dára láti ta ọkọ̀ lọ sí Àgùàlà kì í sì yọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní nǹkan bí oṣù 19. Bí àgbẹ̀ bá jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ kọjá, yóò dúró di òjò mìíràn.

Íńdíà ló ń tẹ̀ síwájú láìpariwo. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí owó tó ju bílíọ̀nù 12 rupee lọ fún ọkọ̀ tí yóò máa yí Àgùàlà ká, wọ́n sì dá oṣù kẹta ọdún 2028 fún títa á sókè. Orílẹ̀-èdè tí kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́ tán ni Íńdíà. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run kò kan ẹni tí kò lówó.

Kí ló wá kàn wá níbí?

Àkọ́kọ́, nǹkan tí wọ́n ń tà sókè ń gba orí wa kọjá. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1972, ìjọba Soviet ta ọkọ̀ kan tó yẹ kó lọ sí Àgùàlà, ṣùgbọ́n kò lè kúrò ní àyíká ilé ayé. Kosmos 482 ni wọ́n sọ ọ́. Fún ọdún 53 ló ń yí wa ká. Ọ̀nà tó ń gbà kó gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín ìlà 52 ní àríwá àti ìlà 52 ní gúúsù pọ̀, ilẹ̀ Benin àti Togo sì wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 2025, ó já bọ́. Àjọ ojú ọ̀run Rọ́ṣíà sọ pé òkun Íńdíà ló bọ́ sí. Wọ́n ti kọ irin rẹ̀ láti fara da ooru Àgùàlà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń ba àwọn onímọ̀ pé kò ní jóná tán lókè. Àdéhùn àgbáyé ọdún 1972 sọ pé orílẹ̀-èdè tó ta nǹkan sókè ló gbọ́dọ̀ san owó ohun tó bá bàjẹ́ nílẹ̀. Bí irin àjèjì bá já sí oko ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ kan, kó má fọwọ́ kàn án, kó má sì tà á fún àwọn tó ń ra irin. Kó sọ fún baálé àti ọlọ́pàá.

Èkejì, ọ̀dọ̀ Àgùàlà ni àwọn kan nínú àwọn tó kìlọ̀ fún aráyé nípa ooru ti kọ́ iṣẹ́. James Hansen, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ ń ṣe ìwádìí lórí afẹ́fẹ́ Àgùàlà kó tó yí ojú sí ti ilé ayé. Òun ló dúró níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní oṣù kẹfà ọdún 1988, tó sọ pé ayé ti ń gbóná. Kí ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ tó gbòde, nínú mílíọ̀nù kan ìdá afẹ́fẹ́ wa, nǹkan bí 280 ló jẹ́ kábọ̀n dáyọ́ksáìdì. Báyìí ó ti ju 420 lọ. A kò sọ pé ayé wa yóò dà bí Àgùàlà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni ìdérí ìkòkò ń ṣe, ì báà nípọn, ì báà fẹ́lẹ́. Ọdún 2024 ló gbóná jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n káàkiri ayé. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà kò sì tú ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún èéfín yìí jáde. Ẹni tí kò dá iná ló ń jẹ nínú ooru rẹ̀. Nígbà tí aṣojú wa bá lọ jókòó níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́, ìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn rẹ̀ ni ohun ìjà rẹ̀. Àgùàlà jẹ́ ẹ̀rí tí gbogbo ènìyàn lè rí lójú ọ̀run.

Ẹ̀kẹta, ìmọ̀ yìí kò ní ìlẹ̀kùn. Àwòrán Magellan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìhò tí Herrick rí kò gba ọkọ̀ tuntun. Ojú àti sùúrù ló gbà. Ní Dangbo, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìṣirò àti físíìsì kan wà tí àwọn ọmọ wa ń lọ. Ọ̀dọ́ tó bá mọ ìṣirò níbẹ̀ lè ṣí àwòrán kan náà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Alaska ṣí. Àwọn òbí tó ń bi ara wọn pé kí ni ọmọ fẹ́ fi ìṣirò jẹ, ẹ rántí èyí.

Èrò tiwa

Lójú tiwa, àṣìṣe ni kí orílẹ̀-èdè tó lówó jù lọ láyé gba owó lọ́wọ́ iṣẹ́ tó ti ṣe dé ìdajì. Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni yóò pàdánù, torí ohun tí wọ́n bá rí ni gbogbo aráyé ń lò. Ṣùgbọ́n àwa náà kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ara wa lé ilé aṣòfin Washington lọ́wọ́. Japan fi ọdún márùn-ún dúró de ọkọ̀ tó ti ṣìnà, ó sì rí èrè rẹ̀. Íńdíà ti dá ọjọ́ tirẹ̀. Yúróòpù ti dá tirẹ̀. Kò sí orúkọ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan lára àwọn tó ń ṣáájú ìrìn yìí.

Títí di ọdún 2028, bí Íńdíà bá mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, Àgùàlà yóò máa yọ, yóò máa wọ̀, láìsí ọkọ̀ kan tó ń yí i ká. Bí òkè oníná bá tún bú níbẹ̀ láàárín ìgbà náà, kò sí ẹni tí yóò wà nítòsí láti kọ ọ́ sínú ìwé. A óò máa tọ́jú ìròyìn lórí owó tí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà bá fọwọ́ sí àti lórí ìmúrasílẹ̀ Íńdíà, a ó sì mú un wá fún yín níbí.